Nígbà tí Ológeere Kò Bá Lọ Geere Mọ́

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí ni kẹ̀kẹ́ ológeere, pàápàá ariwo tó máa ń pa nígbà tí ara rẹ̀ kò bá yá. Ìtàn wà nínú ariwo náà, ẹ̀kọ́ èdè sì wà nínú rẹ̀.

Àwa Yorùbá a máa fi ìró sọ nǹkan lórúkọ. Ìró ìbọn ńlá ni a fi sọ ogun tí Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà ní Kírìjì. Ìwọ̀-oòrùn Èkìtì gan-an ni iná ogun náà ti ràn, nígbà tí Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878. Ní 1885, nígbà tí àwọn jagunjagun ṣì wà ní ibùdó, John Kemp Starley gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde ní ìlú Coventry, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣéènì ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ní 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà Kírìjì. Láti ara irú kẹ̀kẹ́ Starley yìí ni Raleigh, Hercules àti Rudge ti jáde, àwọn tí olùkọ́, akọ̀wé àti àwọn tó ń ra kòkó gùn dé Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè láyé ìjọba òyìnbó.

Báwo ni a ṣe sọ ọ́ ní ológeere? Odò a máa ṣàn geere. Ẹni tó gbọ́ èdè dáadáa a sì máa sọ ọ́ geere. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Kẹ̀kẹ́ tó bá ń sọ ohun tó yàtọ̀ sí geere, àìsàn ń bẹ lára rẹ̀.

Kí a tó tú nọ́ọ̀tì kankan, ìbéèrè kan ni a kọ́kọ́ ń bi kẹ̀kẹ́: bí mo bá dẹ́kun wíwà ọ́, tí o sì ń yí lọ fúnra rẹ, ṣé ariwo náà dákẹ́? Bó bá dákẹ́, pẹ́dà, apá pẹ́dà tàbí ṣéènì ni kí a yẹ̀ wò. Bí kò bá dákẹ́, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, búrẹ́ẹ̀kì tàbí ìbòrí táyà ni. Ṣéènì tí ọyẹ́ àti eruku ti gbẹ a máa ké fín-ín, fín-ín. Ẹ nù ún, kí ẹ fi epo díẹ̀ sí i. Bó bá ń dún kọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìgbà tí pẹ́dà bá yí po, ó ṣeé ṣe kí irin kékeré tó de apá pẹ́dà mọ́ ọ̀pá àárín ti tú. Bó bá ń dún rìgìrìgì láti inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, àwọn bọ́ọ̀lì inú rẹ̀ ti jẹ tàbí kí gírísì wọn ti tán.

Kì í ṣe gbogbo ìró ni àìsàn. Tíkí-tíkí tí ẹ ń gbọ́ láti ẹ̀yìn bí ẹ bá dẹ́kun wíwà á, ìró ìlera ni. Bí ó bá dákẹ́ lójijì, tí pẹ́dà sì ń yí lásán, ẹ̀yin ẹ̀yin ni kí ẹ wò.

Ní ilẹ̀ òkè bíi ti Ẹ̀fọ̀n, ọ̀rọ̀ yìí kọjá eré. Búrẹ́ẹ̀kì àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ jẹ́ ti ọ̀pá irin tó ń fa rọ́bà mọ́ etí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Bí rọ́bà bá jẹ tán, irin a máa ha irin. Bí òjò bá sì rọ̀, rọ́bà kì í di irin tútù mú dáadáa. Ẹni tó di àpò kòkó sẹ́yìn, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ etí rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹ kíyè sí ohùn àwọn ìró wọ̀nyí. Nínú ìfìrógbóyeyọ Yorùbá, ohùn òkè sábà máa ń bá ohun tín-ín-rín tàbí ohun fúyẹ́ lọ, ohùn ìsàlẹ̀ a sì bá ohun ńlá tàbí ohun wúwo lọ. Omi a kán tó-tó. Àpò a já lulẹ̀ gbì. Nítorí náà, àgbẹ̀ tó bá sọ fún alátùn-únṣe pé kẹ̀kẹ́ òun ń ké fín-ín ti fi ohùn nìkan tọ́ka sí ibi tí sípánà yóò lọ.

Nígbà tí alùpùpù dé, ìró rẹ̀ náà ni a gbọ́ tí a fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà gba orúkọ lára iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, kẹ̀kẹ́ Màrúwà sì gbà á lára Buba Marwa tó ṣe ìjọba Èkó láti 1996 sí 1999. Etí wa ti ń sinmi. Bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń kúrò lójú ọ̀nà, àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ àìsàn rẹ̀ náà ń bá a lọ.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ṣe nìyí: bí ẹ bá padà sílé, ẹ bi àwọn baba àti ìyá àgbà léèrè bí kẹ̀kẹ́ wọn ṣe ń dún nígbà tó bàjẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Láìsí àmì ohùn, ìdajì ìmọ̀ náà ti sọnù. Ó di ọjọ́ mìíràn, ire o.