Owó Orí Ṣeé Dá Padà: Ìtàn Ìkọ̀sílẹ̀ àti Ọ̀rọ̀ Ọmọ Nílẹ̀ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí a máa ń fẹ́ sọ ní gbangba, nítorí àdúrà tí a mọ̀ níbi ìgbéyàwó ni pé kí tọkọtaya dàgbà, kí wọ́n darúgbó papọ̀. A kì í gbàdúrà pé bí wọ́n bá fẹ́ túká, kí wọ́n túká wọ́ọ́rọ́wọ́. Síbẹ̀, àwọn baba wa mọ̀ pé ìgbéyàwó a máa tú, wọ́n sì ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tú u. Ọ̀nà náà ni mo fẹ́ kí á jọ tọ̀, pàápàá jùlọ níbi tí ó bá ti kan ọmọ.

Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé àtijọ́ débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé kò sí. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá náà, ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan. Bí kò bá sí, báwo ni ọ̀rọ̀ náà "dálémoṣú" ṣe dé inú èdè wa? Dálémoṣú ni obìnrin tí ó ti ilé ọkọ padà wá jókòó sí ilé baba rẹ̀. Lójú tèmi, ìkọ̀sílẹ̀ tí a kéde rẹ̀ ni ó ṣọ̀wọ́n. Obìnrin mìíràn a kàn di ẹrù rẹ̀, a lọ kí àwọn òbí rẹ̀, kò sì ní í padà mọ́.

Ìdí tí kò fi rọrùn láti túká kò farasin. Ẹnì kan kì í dá ìyàwó fẹ́ nígbà náà. Alárinà ni yóò kọ́kọ́ rìn, ìtọrọ yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ìdána, kí owó orí tó tẹ ẹbí ìyàwó lọ́wọ́. Ohun tí ẹbí méjì so, ènìyàn méjì kò lè dá tú u. Bí ìjà bá dé, iwájú baálé agboolé ni a ó ti kọ́kọ́ sọ ọ́, ìyá ọkọ àti ìyálé á sì wà níbẹ̀. Bí kò bá níyanjú, a ó ránṣẹ́ sí àwọn àna. A máa ń sọ pé bí ọkọ bá mojú aya tán, alárinà a yẹ̀ba. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ń dàrú, alárinà kan náà ni a ó tún máa wá kiri. Àwọn Mùsùlùmí wa náà ní irú rẹ̀: onílàjà kan láti ìdílé ọkọ, ọ̀kan láti ìdílé aya. Ó di ìgbà tí gbogbo èyí bá já sí asán kí ọ̀rọ̀ tó dé ààfin tàbí ilé ìjòyè.

Níbẹ̀, ohun méjì ni wọn yóò yanjú, owó àti ọmọ. Owó rọrùn. A ó dá owó orí padà fún ọkọ àkọ́kọ́, ọkùnrin tí obìnrin náà fẹ́ lọ bá ni ó sì sábà máa ń san án. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni kò rọrùn. Ọmọ, ti baba ni. Bí ó bá ṣì ń mu ọmú, yóò tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ títí a ó fi já a lẹ́nu ọmú, lẹ́yìn èyí ni a ó mú un padà sí agboolé baba rẹ̀. Èmi kò ní í bo àléébù àṣà wa mọ́lẹ̀: òfin yìí le mọ́ abiyamọ. Àìmọye obìnrin ni ó jókòó sínú ìyà nítorí pé kò lè fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún orogún tọ́. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu ìyá àgbà kan pé, "Ọmọ ni mo tìtorí rẹ̀ dúró," ẹ mọ ohun tí mo ń wí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí owó orí kò lè rà padà. Láti ọjọ́ tí obìnrin bá ti bímọ ni a ti ń fi orúkọ ọmọ pè é. Ó di Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ọkọ rẹ̀ náà sì di Bàbá Àbẹ̀kẹ́. Kò sí ìdájọ́ ọba kan tí ó lè gba orúkọ yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bí obìnrin náà bá sì lọ bímọ fún ọkọ mìíràn, àwọn ọmọ tí ó bí níbí àti àwọn tí ó bí lọ́hùn-ún ti di iyèkan ara wọn. Yorùbá gbà pé okùn iyèkan yi ju ti ọbàkan lọ, nítorí ọbàkan ni í bá ara wọn du ogún baba. Báyìí ni agboolé méjì tí kò mọ ara wọn rí ṣe ń di ìbátan nípasẹ̀ obìnrin tí ó kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Ọmọ náà ńkọ́? Ilà baba rẹ̀ ni yóò wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ayé bá le mọ́ ọn nílé baba, ilé ìyá ni yóò sá sí, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé kí ló wá ṣe.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó da ètò yìí rú, tàbí kí n sọ pé òun ni ó tún un tò. Òpìtàn Judith Byfield ti kọ̀wé lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta láàrin 1892 sí 1904, nígbà tí agbára òyìnbó ń wọlé, tí ọ̀nà rélùwéè sì ń ti Èkó bọ̀. Àwọn aya rí ibòmíràn gbé ẹjọ́ ọkọ wọn lọ, inú àwọn ọkọ àti àwọn ìjòyè kò sì dùn sí i. Nígbà tí kóòtù ìbílẹ̀ wá kárí ilẹ̀ Yorùbá, ìkọ̀sílẹ̀ di ohun tí akọ̀wé ń kọ sínú ìwé: obìnrin yóò pẹjọ́, a ó ka owó orí lé tábìlì, adájọ́ yóò sì tú wọn ká. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá tí kò mọ ẹjọ́ tọkọtaya ti Mápó n'Ìbàdàn.

Èmi kò bá àwọn tí ó ń bú kóòtù bú u. Ó yọ ọ̀pọ̀ obìnrin lọ́wọ́ ẹgba àti ẹ̀ṣẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan sọnù. Àwọn àna tí wọ́n ti jókòó sí yàrá kan ṣoṣo rí wá di olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́, oníkálùkù sì ń wá ohun tí ó burú jùlọ láti sọ nípa ẹnìkejì, kí ẹjọ́ má baà dá a lẹ́bi. Ará àdúgbò ń gbọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ń gbọ́.

Òfin fúnra rẹ̀ yí padà. Òfin kóòtù ìbílẹ̀ tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣe ní 1957 ní ire ọmọ ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú nígbà tí a bá ń pinnu ẹni tí yóò tọ́ ọ. "Ọmọ, ti baba ni" kò tún jẹ́ òpin ọ̀rọ̀ mọ́. Ní ti àwọn tí ó gbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, irú èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ń ṣe lábẹ́ òfin 1884, kóòtù ìbílẹ̀ kò lágbára láti tú wọn ká. Ilé-ẹjọ́ gíga ni. (Ọ̀pọ̀ wa ni ó ṣe ìdána lónìí, tí ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, tí kò sì mọ̀ pé okùn méjì ni òun so.) Òfin ìgbéyàwó ti 1970 fàyè gba àwọn tí ó ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì gbáko láti túká bí ẹnìkejì kò bá lòdì sí i. Bí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 16 bá sì wà, adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ètò tí a ṣe fún un wò kí ìdájọ́ tó fìdí múlẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n adájọ́ kì í tẹ̀lé wa dé ibi ìdána ọmọ.

Mo wà ní kékeré nígbà tí wọ́n ṣe ìdána ọmọbìnrin kan ní agboolé wa. Kóòtù ti tú ìyá àti baba rẹ̀ ká tipẹ́, wọ́n sì ti ka owó orí padà fún baba náà. Ìyá ti wà nílé ọkọ mìíràn. Ó dé ní ọjọ́ náà pẹ̀lú ọmọ tí ó bí lọ́hùn-ún, iyèkan ìyàwó, tí ó ru ẹrù sórí, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Àwọn ìyàwó ilé ń wo ara wọn. Baba dìde. Àwọn àgbà sọ fún wa lẹ́yìn náà pé "ìwọ" ni ó máa ń pè é nígbà tí wọ́n jọ wà. Lọ́jọ́ náà, ó sún lórí àga gígùn tí ó jókòó lé, ó ní, "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ káàbọ̀. Àyè yín rèé."