Ìwé Àṣẹ Kò Ti Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù Kẹta, ọdún 1990. Aago mẹ́ta òru ti ń lù. Ijó ń lọ lọ́wọ́ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Happy Land, ilé ijó kan ní Southern Boulevard, ní Bronx, ìlú New York. Àwọn ọmọ Honduras ló pọ̀ jù níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Garifuna, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa.

Ilé ijó yìí kò yẹ kó ṣí rárá. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 1988 ni ìjọba ìlú ti pàṣẹ pé kí wọ́n tì í: kò sí ọ̀nà àsálà, kò sí aago tó ń kìlọ̀ iná, kò sí ẹ̀rọ tó ń wọ́n omi láti àjà. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n bá tiwọn lọ. Onílé ijó ń gbowó ẹnu ọ̀nà lọ ní tiẹ̀.

Julio González, ọmọ Kúbà kan tíṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wá bá obìnrin tí wọ́n ti jọ ń fẹ́ra tẹ́lẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé ijó náà. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tì í síta.

Ó kọjá aago mẹ́ta ààbọ̀ díẹ̀. González padà dé pẹ̀lú ike kan lọ́wọ́. Epo bẹntiróòlù dọ́là kan péré ló rà. Ó dà á sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣáná sí i, ó sì dúró ń wò ó. Eéfín gba àtẹ̀gùn tóóró gòkè, ó sì yá ju ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn lọ. Àwọn mìíràn kú pẹ̀lú ife ọtí lọ́wọ́ wọn, wọn ò tilẹ̀ ráyè dìde.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì ni wọ́n pe panápaná. Wọn ò pẹ́ rárá kí wọ́n tó dé, wọ́n sì tètè pa iná náà. Òkú 87 ni wọ́n kà: ọkùnrin 61, obìnrin 26.

Ilẹ̀ mọ́. Nínú ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí, àwọn ẹbí ń fi fọ́tò dá òkú èèyàn wọn mọ̀. Olórí ìjọba ìlú nígbà náà, David Dinkins, dé ibi tí iná ti jó, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa yẹ irú ilé ijó bẹ́ẹ̀ wò káàkiri, kí wọ́n sì tì wọ́n. Inú bí mi sí àṣẹ yẹn, torí ó ti pẹ́ jù. Ní ìlú yìí kan náà, ní 25 oṣù Kẹta ọdún 1911, òṣìṣẹ́ 146 kú nínú iná tó jó ilé iṣẹ́ aránṣọ Triangle, nítorí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí wọ́n ti mọ ohun tí ilẹ̀kùn lè ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọlọ́pàá bá González nílé rẹ̀, òórùn epo ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Ó jẹ́wọ́. Ó ṣì ń ṣẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ nígbà tó kú lọ́dún 2016. Ní ti ẹni tó ni ilé àti ẹni tó háyà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbà lọ́dún 1992 pé àwọn jẹ̀bi lórí òfin ilé. Iṣẹ́ ìlú àti owó ni wọ́n fi san án.

Ẹjọ́ tó máa lé ilé ijó náà jáde ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1990 ni wọ́n dá láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.