Ìpẹ̀tùsááwọ̀ Lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà: Ọ̀rọ̀ Ẹnu àti Ètò Ọrọ̀ Ajé

Ní ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1970, Ọ̀gágun Yakubu Gowon kéde pé kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí a ṣẹ́gun nínú ogun abẹ́lé Nàìjíríà. Ìkéde yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìjọba kò kó àwọn aṣáájú Biafra lọ sílé ẹjọ́ lọ́pọ̀ yanturu. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ ní 1973 kí àwọn ọ̀dọ́ lè sin ìlú níbi tí kì í ṣe tiwọn.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ètò ọrọ̀ ajé kò tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá ti lo àkáǹtì báńkì rẹ̀ lásìkò Biafra, 20 pọ́n-ùn ni wọ́n san fún un, iye yòówù tí ì báà ní níbẹ̀. Ní Port Harcourt, ilé àwọn Ìgbò tó sá fún ogun di ‘dúkìá tí a pa tì’. Ọ̀pọ̀ kò rí tirẹ̀ gbà padà. Ní 1972, òfin jáde pé kí ọmọ Nàìjíríà gba ìpín nínú ilé iṣẹ́ àwọn àjèjì. Ẹni tó gba 20 pọ́n-ùn, níbo ni yóò ti rí owó ra ìpín?

Obafemi Awolowo ni kọmíṣọ́nnà fún ètò ìṣúná nígbà tí wọ́n san owó báńkì yìí. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ní kò sí àkọsílẹ̀ báńkì tó ṣeé gbára lé mọ́. Àlàyé náà yẹ ní gbígbọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí àwa onímọ̀ Yorùbá fi í pa ìbéèrè yòókù mọ́lẹ̀.

Àwọn Ìgbò tún ayé wọn ṣe nípasẹ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ìkọ́ṣẹ́ òwò láàárín ara wọn. Ìdàgbàsókè dé, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ìjọba kò bá a dé. Ìdí nìyí tí Ohanaeze Ndigbo fi gbé ẹ̀dùn ogun náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ Adájọ́ Chukwudifu Oputa, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1999. Ìgbìmọ̀ náà fi àbọ̀ jẹ́ ní 2002. Ìjọba kò tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ rere jáde ní 1970. Obì ni kò jáde. Ìlàjà tí kò bá dé ọ̀dọ̀ owó, ilé àti iṣẹ́ àwọn tí ogun bà jẹ́, ìran tí kò rí ogun náà ni yóò jogún ìbínú rẹ̀.