Òkúta Abẹ́òkúta Nínú Òkun Èkó

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Edé tí mo mọ̀ láti kékeré ni edé gbígbẹ tí ìyá mi máa ń rà ní ọjà Bódìjà, èyí tí kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Nígbà ìsinmi ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi lọ sí Tarkwa Bay, etíkun kan ní Èkó tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi la wọ̀ débẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí ọkùnrin kan tó mòòkùn láàárín àwọn òkúta ńlá. Awò ojú, ìbọ̀wọ́ àti àpò kan péré ló mú dání. Nígbà tó jáde, edé òkun tó gùn tó apá mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gún bo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì ní ọwọ́ tí fi ń fún nǹkan bí ti alákàn.

Mo kí i, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Báwo lẹ ṣe mọ ibi tó wà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ihò òkúta ni ilé ẹ̀. Ó ń sá pamọ́ lọ́sàn-án, òru ló ń jáde jẹun. Níbi tí kò bá sí òkúta, má wulẹ̀ wá a."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Iyanrìn ni etíkun Èkó. Ta ló wá gbé òkúta débẹ̀?

Láyé àtijọ́, òkìtì iyanrìn wà lábẹ́ omi ní ẹnu ọ̀nà tí òkun gbà wọ ọ̀sà Èkó. Àwọn ọkọ̀ ńlá kì í lè wọlé. Ojú òkun ni wọ́n ti ń já ẹrù sínú ọkọ̀ kéékèèké, ìgbì sì máa ń dojú àwọn kan dé. Ní ọdún 1908, ìjọba àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odi òkúta wọ inú òkun, kí omi lè máa gbá iyanrìn náà lọ. Arò, nítòsí Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti fọ́ òkúta, ọkọ̀ ojú irin ló sì kó o wá sí Èkó. Ojú irin yẹn kan náà ló dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, tí ibùdó rẹ̀ wà ní Dùgbẹ̀ títí dòní. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n là yẹn ni kòkó àwọn bàbá ńlá wa gbà lọ sókè òkun.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Odi náà dá ìgbì dúró, omi Tarkwa Bay sì rọlẹ̀. Ẹja àti edé rí ilé, àwọn amòòkùn rí oúnjẹ. Ní òdìkejì, iyanrìn tó máa ń ti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn kò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach, ó sì jẹ ẹ́ ju kìlómítà kan lọ. Léraléra ni ìjọba da iyanrìn síbẹ̀ nígbà náà, tí omi sì kó o lọ.

Àwọn tó gba èrè odi náà kò sì fìdí múlẹ̀ pẹ́ títí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé àwọn olùgbé Tarkwa Bay jáde. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àwọn kan ń fọ́ páìpù epo níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló pàdánù ilé. Òkúta ṣì wà níbẹ̀, edé ṣì wà nínú ihò wọn.

Èmi kò sọ pé kí wọ́n má kọ́ odi náà rárá. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ dí ọ̀nà omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ibi tí omi yóò yà sí, àti ẹni tí yóò san gbèsè rẹ̀. Ìtàn ka iye ọkọ̀ tó wọ Èkó. Ó yẹ kó ka àwọn tó mọ ihò òkúta náà mọ́ wọn.