Ikú Tí Ń Pa Ojúgbà Ẹni: Ìtàn Ààbò Nínú Eré Ìje Ọkọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ikú tí ń pa ojúgbà ẹni, òwe ni ó ń pa fún ni. Bí ibì kan bá wà tí òwe yìí ti ṣẹ láìkù síbì kan, pápá eré ìje ọkọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a ń tọ́ ní òkè òkun yìí ni ó fẹ́ràn eré náà. Bí ó bá di ọjọ́ Àìkú, wọn a jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, wọn a máa ka orúkọ àwọn awakọ̀ bí ẹni ń ka oríkì baba wọn. Àwa òbí a wò wọ́n títí, a ó mi orí, a ó ní kí ni ó lè mú ènìyàn gidi fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ báyìí. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà lẹ́yìn eré yìí tí ó kan àwa gan-an tí a ń fi ọkọ̀ gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé ní àràárọ̀. Ìtàn náà ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun ààbò kan tí awakọ̀ ìje ń lò lónìí tí kì í ṣe ikú ẹnì kan ni ó mú un wá; bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí àwọn kan nínú àwọn awakọ̀ fúnra wọn kò kọ́kọ́ kọ̀.

Ìgbà tí kò sí bẹ́líìtì

Ọdún 1950 ni ìdíje àgbáyé tí à ń pè ní Formula One bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà náà, ẹ̀wù lásán ni awakọ̀ ń wọ̀. Ó di ọdún 1952 kí àwọn aláṣẹ tó sọ ọ́ di dandan pé kí olúkúlùkù dé àṣíborí líle. Kò sí bẹ́líìtì nínú ọkọ̀, kì í sì í ṣe pé wọ́n gbàgbé. Epo ni ó yí awakọ̀ ká nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn, iná kì í sì í pẹ́ ràn. Nítorí náà, èrò ọ̀pọ̀ wọn ni pé ó sàn kí ọkọ̀ da ènìyàn sí ìta ju kí a so ó mọ́ inú rẹ̀ kí ó jóná. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí ojú wọn ti rí ni wọ́n ń sọ.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1955, ní ìlú Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, ọkọ̀ Mercedes tí Pierre Levegh ń wà kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn, ó fò sókè, àwọn àfọ́kù rẹ̀ sì bọ́ sí àárín àwọn òǹwòran. Ó lé ní 80 ènìyàn tí ó kú, Levegh sì wà lára wọn. Wọn kò dá ìdíje náà dúró. Ilẹ̀ Switzerland fi òfin de irú eré bẹ́ẹ̀, àwọn ilẹ̀ mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa bí a ó ṣe dáàbò bo òǹwòran. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ó jókòó sínú ọkọ̀, bí ó ti wà ni wọ́n fi í sílẹ̀.

Sípánà tí wọ́n yá lọ́wọ́ òǹwòran

Ẹni tí ó kọ́kọ́ pariwo kí gbogbo ayé tó gbọ́ ni Jackie Stewart, ọmọ ilẹ̀ Scotland. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1966, ní pápá Spa ní ilẹ̀ Belgium, òjò mú kí ọkọ̀ rẹ̀ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ náà ká mọ́ ọn lára, epo sì ń dà sí i lórí àti sí ara. Ó tó ìṣẹ́jú 25 tí ó fi wà níbẹ̀. Kò sí dókítà nítòsí, kò sí òṣìṣẹ́ kan tí ó ní irinṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn awakọ̀ méjì ẹgbẹ́ rẹ̀, Graham Hill àti Bob Bondurant, tí òjò ti lé kúrò lójú ọ̀nà bákan náà, ni wọ́n yọ ọ́ jáde, sípánà tí wọ́n sì lò, ọwọ́ òǹwòran kan ni wọ́n ti yá a. Bí iná kékeré kan bá ṣẹ́ ní ọjọ́ náà, ìtàn rẹ̀ ì bá ti parí síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Stewart ti ń béèrè fún bẹ́líìtì, fún irin ìdènà lẹ́bàá ọ̀nà, fún dókítà àti panápaná ní gbogbo pápá. Òun tìkára rẹ̀ so sípánà mọ́ ibi ìdarí ọkọ̀ rẹ̀. Kí ni èrè rẹ̀? Àwọn tí ó ni pápá bínú sí i pé ó ń fi ìnáwó kún ìnáwó wọn. Àwọn kan nínú akọ̀ròyìn pè é ní ojo. Àwọn awakọ̀ kan wí pé ewu ni iyọ̀ eré náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń pè ní ojo yìí gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní ọdún 1969, ní 1971 àti ní 1973. Ọ̀rẹ́ ni ó ń sin bí ó ti ń gba ife. Jim Clark kú ní Hockenheim ní ilẹ̀ Jámánì ní oṣù Kẹrin ọdún 1968. Jochen Rindt kú ní Monza ní ilẹ̀ Ítálì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ti Rindt. Bẹ́líìtì wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn láti de èyí tí ó ń gba àárín itan kọjá, nítorí pé ó fẹ́ lè tètè jáde bí iná bá ràn. Nígbà tí ọkọ̀ kọlu irin, ara rẹ̀ yọ̀ wọ ìsàlẹ̀, bẹ́líìtì tí ó kù sì di ohun tí ó pa á lára. Nígbà tí ọdún fi máa parí, kò sí ẹni tí ó ní àmì-ayò tó tirẹ̀. Òun nìkan ni ó tíì gba ipò kìn-ín-ní àgbáyé lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni ó na ọwọ́ gba ife náà. Ní ọdún 1972, bẹ́líìtì di dandan fún gbogbo awakọ̀ Formula One.

Síbẹ̀, iná kò tíì jẹ́wọ́. Ní oṣù Keje ọdún 1973, ní Zandvoort ní ilẹ̀ Netherlands, ọkọ̀ Roger Williamson dojú dé, ó sì gbiná. David Purley dá ọkọ̀ tirẹ̀ dúró, ó sáré lọ, òun nìkan sì ń gbìyànjú láti yí ọkọ̀ náà padà. Àwọn òṣìṣẹ́ pápá kò lè sún mọ́ ọn, nítorí pé wọn kò ní aṣọ tí iná kì í ràn. Williamson kú níbẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi àmì-ẹ̀yẹ George Medal dá Purley lọ́lá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ gbà là kò sí mọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, François Cevert, tí Stewart ń tọ́ sọ́nà bí àbúrò, kú ní Watkins Glen ní Amẹ́ríkà. Ìdíje tí ì bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún fún Stewart ni ó kù. Kò wà á. Ó fi eré náà sílẹ̀.

Dókítà tí ó ń tẹ̀ lé wọn

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1978, ní Monza, ọkọ̀ Ronnie Peterson fọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje. Wọ́n tètè yọ ọ́ nínú iná, ṣùgbọ́n ọkọ̀ aláìsàn kò tètè dé. Ó kú ní ọjọ́ kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sid Watkins, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ láti ìlú London, ni dókítà àgbà Formula One ní ìgbà náà. Ó wí pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́: láti ìgbà náà ni ọkọ̀ dókítà ti ń sáré tẹ̀ lé àwọn awakọ̀ ní ìyípo àkọ́kọ́. Kí òǹkàwé fi èyí sí ọkàn. A ó padà sí i.

Láti ọdún 1982 títí di 1994, kò sí awakọ̀ tí ó kú níbi ìdíje Formula One. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ikú ti lọ. Lẹ́yìn náà ni Imola dé. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1994, Roland Ratzenberger, ọmọ ilẹ̀ Austria, kú níbi ìdánrawò. Ní ọjọ́ kejì, Ayrton Senna tí ó ti gba ife àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta kú. Wọ́n rí àsíá ilẹ̀ Austria nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìjọba Brazil fi kéde ọ̀fọ̀ jákèjádò ilẹ̀ wọn. Max Mosley tí ó jẹ́ olórí àjọ àgbáyé fún eré náà ní kí a dín agbára ọkọ̀ kù, kí a sì tún àwọn pápá ṣe. Kò sì fi mọ sí pápá ìje nìkan. Òun ni ó di alága àkọ́kọ́ fún Euro NCAP, ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èsì hàn ní ọdún 1997 nípa fífi ọkọ̀ tí àwa ará ilé ń rà gbá ohun líle, kí a lè mọ èyí tí yóò dáàbò bo ọmọ ènìyàn. Ìràwọ̀ tí ẹ ń rí nínú ìwé ìpolówó ọkọ̀, ibẹ̀ ni ó ti wá.

Àjàgà tí ó ń gba ọrùn là

Ohun kan wà tí bẹ́líìtì kò lè ṣe. Bí ọkọ̀ bá fi eré kọlu ògiri, bẹ́líìtì yóò di àyà mú, ṣùgbọ́n orí, pẹ̀lú ìwúwo àṣíborí tí ó dé, yóò máa lọ síwájú. Ibi tí agbárí ti so mọ́ ọrùn ni yóò fọ́. Irú ikú yìí ni Patrick Jacquemart kú ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1981. Jim Downing, awakọ̀ tí ó mọ̀ ọ́n, tọ àna rẹ̀ lọ: Robert Hubbard, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan, tí ó ní ìmọ̀ nípa bí egungun ṣe ń fara da ìkọlù. Ohun tí Hubbard ṣe dàbí àjàgà kékeré. Èjìká ni a ń gbé e lé, bẹ́líìtì a dè é mọ́lẹ̀, okùn méjì a sì so àṣíborí mọ́ ọn, kí orí má baà lọ síwájú ju àyà lọ. HANS ni wọ́n pè é. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n gbé e lọ bá kò fẹ́ ṣe é, ni àwọn méjèèjì bá dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ ní ó ń ni wọ́n lára, pé kò jẹ́ kí wọ́n yíjú dáadáa.

Ọdún gorí ọdún. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, Adam Petty, ọmọ ọdún 19, kú nínú ìdánrawò NASCAR ní Amẹ́ríkà. Awakọ̀ ni Kyle baba rẹ̀, awakọ̀ ni baba baba rẹ̀. Ní oṣù Keje, Kenny Irwin kú ní igun kan náà ní pápá kan náà. Ní oṣù Kẹwàá, Tony Roper kú. Síbẹ̀, díẹ̀ ni ó lo àjàgà náà. Dale Earnhardt, tí ó ti gba ife NASCAR lẹ́ẹ̀méje, kò fi bò rárá pé òun kò fẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2001, ní Daytona, ní ìyípo ìkẹyìn, ọkọ̀ rẹ̀ kọlu ògiri. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó ṣe ipò kejì nínú ìdíje náà. Ìgbà tí ó sọ̀ kalẹ̀ ni ó ń wá baba rẹ̀. Ìpìlẹ̀ agbárí Earnhardt ni ó fọ́.

Kí ọdún náà tó parí, NASCAR sọ ohun ìdáàbòbò ọrùn di dandan; Formula One tẹ̀ lé e ní ọdún 2003. Ní ọdún 2002, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin àti fóòmù bo ògiri kọnkéré, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onímọ̀ Yunifásítì Nebraska. Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà tí awakọ̀ kankan kò kú nínú ìdíje NASCAR tí ó ga jù lọ. Ogún ọdún ni ó sì wà láàárín ikú Jacquemart àti ti Earnhardt. Ní gbogbo ogún ọdún náà, àwọn ènìyàn ti mọ ohun tí ó ń pa wọ́n.

Ìṣẹ́jú-àáyá 28

Ní ọdún 2009, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, táyà kan tí ó já kúrò lára ọkọ̀ ẹlòmíràn bá Henry Surtees lórí. Ọmọ ọdún 18 ni, ọmọ John Surtees tí ó gba ife àgbáyé ní ọdún 1964. Baba la ewu ìgbà àtijọ́ já. Ọmọ ni kò là á já. Ní ọdún 2015, àfọ́kù ọkọ̀ pa Justin Wilson bákan náà ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2018, Formula One pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ ní halo, irin titanium tí ó yí òkè ibi tí awakọ̀ jókòó sí ká. Ariwo ta. Àwọn kan ní ó burẹ́wà bí okùn sálúbàtà. Romain Grosjean, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tí kò fẹ́ ẹ.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ní Bahrain, ọkọ̀ Grosjean gún irin ẹ̀bá ọ̀nà já, ó gé sí méjì, iná sì bò ó. Halo ni ó ti irin náà kúrò ní orí rẹ̀. Bẹ́líìtì dì í mú, àjàgà gba ọrùn rẹ̀ là, aṣọ dá iná dúró. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 28, ó fò jáde, ọkọ̀ dókítà sì ti dé, nítorí pé ìyípo àkọ́kọ́ ni, ó sì ń tẹ̀ lé wọn bọ̀. Ọwọ́ nìkan ni ó jóná púpọ̀. Láti orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni ó ti jẹ́wọ́ pé òun kò fẹ́ halo tẹ́lẹ̀, àti pé láìsí i, òun kì bá tí lè sọ̀rọ̀. Rindt, Williamson, Peterson, Jacquemart, Surtees: gbogbo wọn ni ó para pọ̀ fa ọkùnrin yẹn jáde nínú iná.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ó ti tán. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ní Spa kan náà, nínú òjò bí ti ọdún 1966, Dilano van 't Hoff kú. Ọmọ ọdún 18 ni.

Ẹ̀kọ́ tiwa

Iṣẹ́ mi ń mú mi wọ ilé àwọn ẹbí, mo sì ń bá wọn wọ ọkọ̀. Mo ti rí ìyá tí ó gbé ọmọ ọwọ́ lé itan ní iwájú ọkọ̀, tí ó ní ṣọ́ọ̀ṣì kò jìnnà. Mo ti rí baba tí ó fa bẹ́líìtì kọjá lẹ́yìn ara rẹ̀ kí ọkọ̀ má baà máa dún. Ọ̀rọ̀ Rindt ni wọ́n ń sọ, wọn kò mọ̀: ó ń ni mí lára, kò lè ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní ilé pàápàá, ikú tí ó ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ní ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni ó sún Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká dé ibi tí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1977, kí ti ìjọba àpapọ̀ tó tẹ̀ lé e ní ọdún 1988. Àwọn kan kọ́kọ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi Stewart ṣe yẹ̀yẹ́.

A máa ń gbàdúrà kí a tó gbéra ìrìn àjò, kí a sì máa gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn tí ìtàn wọn wà lókè yìí ti san owó ẹ̀kọ́ náà tán. A kò ní kí àwọn ọmọ wa tún un san. Bí a bá ti ṣe àmín, kí a bojú wẹ̀yìn, kí a fa bẹ́líìtì ọmọ wò bóyá ó dì, kí a tó ṣí ọkọ̀.