Pin Kejì àti Pin Kẹta: Ìtàn Wáyà RS-232

Ìtìjú mi ni ìtàn tòní ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ rédíò, wọ́n ní kí n so kọ̀ǹpútà tuntun mọ́ ẹ̀rọ àtijọ́ kan tó ń yí ohùn láti stúdíò kan sí òmíràn. Wáyà rẹ̀ kò jọ èyí tí a fi ń ṣáàjì fóònù rárá: ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó ní pin mẹ́sàn-án, ó sì ní ìdè méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo so ó, ẹ̀rọ ò dáhùn. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Pàbó. Ọjọ́ méjì gbáko. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni a gbọ́dọ̀ gbé ètò sáfẹ́fẹ́, ọ̀gá sì ti ń wò mí bí ẹni tó jẹ wọ́n lówó.

Ẹnjiníà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló gbà mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi wá kílíìpù ìwé."

Mo ní, "Ẹ̀rọ ló ń yọ wá lẹ́nu, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n yọ wáyà kúrò lára ẹ̀rọ àtijọ́ náà, wọ́n fi kílíìpù so pin kejì mọ́ pin kẹta, wọ́n ní kí n tẹ orúkọ mi. Orúkọ mi sì padà wá sójú kọ̀ǹpútà!

"Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀," ni wọ́n wí. "Kọ̀ǹpútà ò ṣe nǹkan kan, wáyà ò já. Bí àwọn méjèèjì ṣe pàdé ni kò dáa."

Wọ́n tú ẹnu wáyà, wọ́n gbé ti pin kejì sórí ìkẹta, wọ́n gbé tìkẹta sórí ìkejì, wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn. Ẹ̀rọ dáhùn lójú ẹsẹ̀.

Ọdún 1960 ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Electronic Industries Association gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní RS-232. Kò sẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà nílé nígbà náà. Teletype, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ló wà lọ́kàn wọn, àti módẹ́ẹ̀mù tó ń gbé ọ̀rọ̀ náà gba orí wáyà tẹlifóònù. Ọ̀kan ń ránni níṣẹ́, èkejì ń jẹ́ iṣẹ́. Lórí ẹnu wáyà oní-pin 25, teletype ń sọ̀rọ̀ lórí pin kejì, ó ń gbọ́ lórí ìkẹta; módẹ́ẹ̀mù ń gbọ́ lórí ìkejì, ó ń sọ̀rọ̀ lórí ìkẹta. Wáyà tó lọ tààrà ti tó wọn.

Àmọ́ àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í so kọ̀ǹpútà mọ́ kọ̀ǹpútà. Aránniníṣẹ́ méjì pàdé láìsí ìránṣẹ́: àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lórí pin kan náà, àwọn méjèèjì dẹ etí sórí pin tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ nǹkan kan. Ohun tó ṣe mí gan-an nìyẹn. Wáyà tí wọ́n wá yí inú rẹ̀ padà ni wọ́n ń pè ní null modem.

Ìgbà tó di 1984, kọ̀ǹpútà IBM PC/AT dé pẹ̀lú ẹnu oní-pin mẹ́sàn-án. Pin kejì wá di etí, ìkẹta di ẹnu! Ì bá wù mí kí n rí ẹni tó fọwọ́ sí i.

Ìdákẹ́jẹ́ nìkan kọ́ ni àìsàn rẹ̀ o. Tí ọ̀rọ̀ bá ń wọlé àmọ́ tó jẹ́ kántankàntan, ẹ wo eré tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Baud ni wọ́n fi ń wọn eré yìí, láti ara orúkọ Émile Baudot, ará Faransé tó ṣiṣẹ́ tẹligíráàfù. Bí ọ̀kan bá wà lórí 9600, tí èkejì wà lórí 2400, wọn ò lè gbọ́ ara wọn yé. Gígùn náà ń dá wàhálà sílẹ̀: ìlànà ti ọdún 1969, RS-232-C, kò fẹ́ kó ju ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ, bíi mítà 15.

USB tó dé ní 1996 ló lé e kúrò lórí tábìlì wa. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ẹ̀yìn àwọn router ńláńlá tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì yín: ojú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "console" sí, RS-232 ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọjọ́ tí router bá gbàgbé gbogbo ètò rẹ̀, tí kò sí Wi-Fi, tí kò sí nǹkan kan, ibẹ̀ ni ẹlẹ́rọ ń gbà wọlé bá a.

Kílíìpù Ẹnjiníà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ó dìgbà kan ná.