Onítúbú tí Kò Ní Owó Oṣù

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, bí a bá dárúkọ wọ́dà, kọ́kọ́rọ́ àti kùmọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn. Ṣé o ti bi ara rẹ léèrè rí pé níbo ni wọ́dà ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀?

Ní 1773, wọ́n fi ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Howard, jẹ oyè ìjọba tí ó kan àbójútó túbú ní agbègbè Bedford. Ojú rẹ̀ ti rí ẹ̀wọ̀n rí: ní 1756 àwọn ará Faransé mú un lójú òkun, wọ́n sì tì í mọ́lé ní Brest. Nítorí náà ó lọ wo túbú fúnra rẹ̀. Ó bá àwọn tí ilé ẹjọ́ ti ní wọn kò jẹ̀bi, síbẹ̀ tí a tún wọ́ padà sínú àhámọ́. Kí ni wọ́n ṣe? Wọn kò rí owó onítúbú san. Kò sí owó oṣù fún onítúbú. Ọwọ́ ẹlẹ́wọ̀n ni ó ti ń gba tirẹ̀, bí oníbodè ti ń gba owó lọ́wọ́ èrò. Má ṣe yára pè é ní òṣìkà o. Òun náà ní ẹnu tí yóò bọ́, àwọn ìlú ni ó sì fi í sí ipò tí ìyà ẹlòmíràn fi di oko rẹ̀.

Howard bẹ àwọn adájọ́ kí wọ́n máa san owó oṣù fún un. Wọ́n ní kí ó fi ibi tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ hàn wọ́n. Ó gun ẹṣin káàkiri àwọn agbègbè ìtòsí. Ìwà kan náà ni ó ń bá. Ní 1774 ó jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n sì ṣòfin pé ẹni tí a bá dá sílẹ̀ kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀ kí ó tó máa lọ ilé. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1777, ó ní kí a wá onítúbú olóòótọ́ àti aláàánú, tí kì í ta ọtí fún ẹlẹ́wọ̀n.

Irú túbú àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ìjọba wọn. Ní 1872 ni a dá ti Broad Street sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1947 ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn wọ́dà bẹ̀rẹ̀ ní Enúgu. Ka iye ọdún tí ó wà láàárín wọn. Ní 2019, òfin yí orúkọ iléeṣẹ́ náà padà sí ti àtúnṣe ìwà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́dà ń ṣọ́ ní Nàìjíríà lónìí, ó ju ìdajì lọ tí ilé ẹjọ́ kò tí ì dá lẹ́jọ́.